Òfin Tí A Mọ Ìdí Rẹ̀ Ní Í Ṣọ́ni: Àlàyé Lórí Ààbò Nínú Yàrá Àyẹ̀wò Sáyẹ́ǹsì

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Kò mọ̀ pé ikú tó pa baba òun ni. Nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ òwe yìí, kì í ṣe oko ni ọkàn mi máa ń lọ. Yàrá àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì ni, ibi tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní láàbù. Ohun tó wà nínú ìgò níbẹ̀ a máa mọ́ gaara bí omi, a máa dà ṣọ̀ọ̀ bí omi, ṣùgbọ́n kì í ṣe omi.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yin òǹkàwé mi máa bi ara yín léèrè pé kí ni ó pa akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá pọ̀ mọ́ ásíìdì àti iná gáàsì. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì bi mí bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo sọ ohun tí mo fẹ́ kọ sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa lọ́dún yìí fún un. Mo dá a lóhùn pé ohun méjì ló pa wá pọ̀. Èkíní, púpọ̀ nínú wa ni yóò di olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ọmọ tí a bá kọ́ ní Yorùbá ní aago mẹ́sàn-án ni yóò wọ láàbù ní aago mẹ́wàá. Èkejì, jàǹbá tí mo fi ojú ara mi rí nínú láàbù, ọ̀rọ̀ wà lára ohun tó fà á, kì í ṣe ásíìdì nìkan.

Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ Èkìtì. Láti ọdún 1933 tí Archdeacon Henry Dallimore ti dá Christ's School sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì ni àwọn òbí wa ti ń ta iṣu, tí wọ́n ń ta kòkó, kí ọmọ wọn lè di dókítà tàbí ẹnjiníà. Ọ̀nà láàbù ni àwọn ọmọ náà ń gbà kọjá. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín ni bí wọn yóò ṣe wọ ibẹ̀ tí wọn yóò sì jáde ní àlàáfíà ara.

Ohun Tí Ó Ṣẹlẹ̀

Mo wà ní ọdún kejì nínú kíláàsì àgbà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní àárín gbùngbùn Èkìtì. N kò ní dárúkọ ilé-ìwé náà, nítorí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ níbikíbi. Wọ́n lẹ ìwé òfin kan mọ́ ògiri láàbù wa. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, òòrùn sì ti pa á láwọ̀ dà. Òfin méjìlá ni ó wà nínú rẹ̀, a sì há gbogbo rẹ̀ sórí bí ẹni há orin sórí. Nígbà tí olùkọ́ wa fi dán wa wò, mo gba gbogbo máàkì. Ọ̀kan nínú òfin náà ni pé a kì í da omi sínú ásíìdì, ásíìdì ni a ń dà sínú omi.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí èmi àti ọmọbìnrin kan tí a jọ jókòó bá wọn po ásíìdì tí kíláàsì yóò lò. Mo da ásíìdì sínú ife gíláàsì, mo sì bu omi lé e. N kò rántí òfin kankan. Ohun tí ọwọ́ mi ti ń ṣe láti kékeré ni ó ṣe: bí nǹkan bá le jù, bu omi là á. Ó hó ṣìì, ó sì ta. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ta sí ọrùn-ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi yìí.

Omi ẹ̀rọ kò yọ lọ́jọ́ náà. Garawa omi kan tí wọ́n pọn wá fún fífọ ohun èlò ni olùkọ́ wa ki ọwọ́ rẹ̀ bọ̀. Bí ó ti ń ṣe èyí, ẹnì kan ti sáré lọ wá epo pupa, ẹlòmíràn sì ní kí wọ́n lọ ra ẹyin. Àpá náà wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi títí di òní olónìí. Kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Kò fi ọ̀rọ̀ náà bú mi rí. Èmi ni n kò lè gbàgbé pé òfin tí mo gba gbogbo máàkì lórí rẹ̀ ni mo rú.

Ìdí Tí Omi Kò Fi Gbọdọ̀ Wọ Inú Ásíìdì

Ìwé tí a ń lò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Nàìjíríà kọ́ wa láti pe ásíìdì yìí ní tetraoxosulphate (VI) acid. Lára ọ̀pọ̀ ìgò tí wọ́n kó wá láti òkè òkun, sulphuric acid ni wọ́n kọ. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe bátìrì mọ́tò ní Adó, ásíìdì bátìrì ni wọ́n ń pè é. Ohun kan náà ni gbogbo rẹ̀, àfi pé wọ́n ti fi omi là èyí tó wà nínú bátìrì. Akẹ́kọ̀ọ́ lè ka orúkọ gígùn yẹn láìtàsé, kí ó má sì mọ̀ pé ohun tó ń jẹ ṣòkòtò àwọn ọlọ́bátìrì ni ó wà níwájú òun.

Nígbà tí ásíìdì yìí bá pàdé omi, ooru ńlá ni ìpàdé wọn ń mú jáde. Lítà omi kan wọn kílógíráàmù 1. Lítà kan nínú ásíìdì tí a kò tíì là wọn nǹkan bíi kílógíráàmù 1.8. Nítorí náà, bí a bá da omi díẹ̀ lé ásíìdì, omi náà kò ní tètè rì. Òkè ni yóò wà. Ibẹ̀ ni ooru yóò ti ká a mọ́, yóò hó lójú ẹsẹ̀, yóò sì fò jáde pẹ̀lú ásíìdì. Ṣùgbọ́n bí a bá rọra ń da ásíìdì sínú omi púpọ̀, tí a sì ń rò ó, ásíìdì tó wúwo náà yóò máa rì lọ sísàlẹ̀, ooru rẹ̀ yóò sì pín káàkiri inú omi náà.

Ẹ wo ìyá alákàrà. Nígbà tí epo bá ti gbóná nínú agbada rẹ̀, kò ní jẹ́ kí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ abọ́ na ọwọ́ tútù sórí rẹ̀. Ó mọ̀ pé omi tó bá kan epo gbígbóná yóò di oru lẹ́sẹ̀kan náà, yóò sì gbé epo fò síni lára. Iná abẹ́ agbada ni ó mú epo gbóná. Ti ásíìdì kò nílò iná. Ìpàdé òun àti omi ni iná tirẹ̀.

Ìyá ọ̀rẹ́ mi tí ásíìdì ta sí lọ́wọ́ ń din àkàrà tà. Lẹ́yìn tí mo ti wọ yunifásítì, tí mo sì ti wá ìdí òfin náà kàn, mo ṣe àlàyé yìí fún un bí mo ti ṣe é fún yín yìí. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ṣé ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn? Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ bẹ́ẹ̀ fún wa?"

Ògidì àti Àbùlà

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí iṣẹ́ tiwa ni. Lára ìgò ásíìdì, Gẹ̀ẹ́sì yóò sọ bóyá ó le tàbí wọ́n ti là á. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò mọ ìyàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ọmọ Èkìtì tó dàgbà ní ìtòsí agbẹ́mu tí kò mọ ògidì yàtọ̀ sí àbùlà. Ògidì ni èyí tó ti orí ọ̀pẹ bọ̀ láìlábùlà. Àbùlà ni èyí tí omi ti wọ̀. Ògidì ásíìdì, àbùlà ásíìdì: ọmọ tó bá gbọ́ ìwọ̀nyí kò nílò ìtumọ̀ mìíràn.

Ṣùgbọ́n n kò ní tan yín. Èdè wa náà lè tì wá sínú kòtò. A kì í sọ pé a da ẹmu sínú omi. Bu omi là á ni a ń sọ. Bí a ti ń ṣe ẹmu ni a ń ṣe ògì tó bá ki jù, bẹ́ẹ̀ ni a ń ṣe ọbẹ̀ tó bá gbẹ jù. Omi ni a máa ń bù lé nǹkan. Ọ̀rọ̀ náà ti kọ́ ọwọ́ wa níṣẹ́ kí a tó wọ láàbù, iṣẹ́ yẹn ni ọwọ́ mi sì jẹ́ lọ́jọ́ náà. Nítorí náà, kì í ṣe pé kí a kàn yí òfin Gẹ̀ẹ́sì padà sí Yorùbá kí a sì jókòó. Ìdí ni kí a fún ọmọ, kí ìdí náà sì jẹ́ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí rí.

Láàbù Àwọn Baba Wa

Ọ̀nà yìí kì í ṣe tuntun. Àwọn baba àti ìyá wa ní àgbẹ̀dẹ, wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń re aró, wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń se ọṣẹ dúdú. Iná, tí àwa Èkìtì ń pè ní uná, wà níbẹ̀. Omi eérú tó ń bó ọwọ́ wà níbẹ̀. Ọmọdé sì wà níbẹ̀ tó ń kọ́ṣẹ́.

Nínú àgbẹ̀dẹ, irin tó pọ́n kò léwu tó irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dúdú. Ojú rí èyí tó pọ́n, ẹsẹ̀ sì yà fún un. Èyí tó ti dúdú dà bí irin tútù, bẹ́ẹ̀ ni ó lè bó awọ ọwọ́. Alágbẹ̀dẹ tó gbọ́n kò kàn ní sọ fún ọmọ iṣẹ́ pé kó má fọwọ́ kàn án. Yóò wọ́n omi sí i lójú ọmọ náà, ọmọ yóò sì gbọ́ bí irin dúdú náà ti ń ké. Láti ọjọ́ náà, ọmọ kò tún nílò ìkìlọ̀.

Gíláàsì inú láàbù rí bí irin yìí gẹ́lẹ́. Gíláàsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná kò yàtọ̀ lójú sí èyí tó ti tutù. Kí a fi ẹ̀mú gbé e, kí a gbé e sí ibi kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ohun gbígbóná ni a ń gbé síbẹ̀, kí a sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ ọn láìkàn án kí a tó mú un.

Àálè Ara Ìgò

Nínú àwa tí a kọ́ nípa àrokò àti àálè, ta ni kò mọ̀ pé Yorùbá ti ń fi àmì ṣe ìkìlọ̀ kí ìwé tó dé? Ìkaràhun ìgbín, àkísà àti ṣuku àgbàdo tí a so kọ́ sára igi ìdáná ń bá ẹni tó ń kọjá sọ̀rọ̀: má fọwọ́ kàn án. Ìgò inú láàbù ní àálè tirẹ̀. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ètò àmì kan náà fún gbogbo ayé, ọdún 2003 ni wọ́n sì kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde. Àmì mẹ́sàn-án ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní igun mẹ́rin, ó dúró lórí igun kan, etí rẹ̀ pupa, àwòrán inú rẹ̀ sì dúdú.

Àwòrán ahọ́n iná túmọ̀ sí pé ohun inú ìgò náà lè gbiná. Agbárí àti egungun méjì túmọ̀ sí májèlé tó ń pani kíákíá. Ohun tó ń kán sórí ọwọ́ tó sì ń jẹ ẹ́ túmọ̀ sí pé yóò jẹ awọ ara, yóò sì jẹ irin. Àwòrán ènìyàn tí nǹkan bí ìràwọ̀ fọ́nká sí láyà túmọ̀ sí ìpalára inú ara, irú èyí tó lè gba ọdún púpọ̀ kó tó hàn. Igi gbígbẹ àti ẹja òkú túmọ̀ sí pé a kò gbọdọ̀ dà á sí odò. Ìgò tó ti pẹ́ lè ní àmì àtijọ́, tí àwòrán rẹ̀ wà lórí àwọ̀ ọsàn. Àwọn náà ṣì ń sọ̀rọ̀.

Ìgò tí kò ní àálè ni kí a bẹ̀rù jù. Bí òòrùn tàbí ásíìdì bá ti jẹ ìwé ara ìgò, kí ẹnikẹ́ni má gbìyànjú láti fi òórùn tàbí ahọ́n mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Kí a gbé e fún olùkọ́. Bákan náà, èèwọ̀ ni kí a rọ kẹ́míkà sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tàbí ike omi mímu. Ẹni tó rọ ọ́ mọ̀. Ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ kò mọ̀.

Ẹnu, Imú àti Ojú

Nínú ìdánwò WAEC, a máa ń fi pìpẹ́ẹ̀tì fa omi sóódà láti inú ife. Ọ̀pọ̀ nínú wa, ẹnu ni a fi ń fà á bí ẹni ń fa mínírà. Ohun tó mú un léwu nìyí: bí orí pìpẹ́ẹ̀tì bá yọ kúrò nínú omi nígbà tí a ṣì ń fà á, afẹ́fẹ́ yóò wọlé, omi tó kù yóò sì fò sókè sí ẹnu. Rọ́bà kékeré kan wà tí a ń fi sí ìdí pìpẹ́ẹ̀tì láti fi fà á. Kò wọ́n tó owó ilé-ìwòsàn. Bí ilé-ìwé kò bá ní in fún gbogbo ọmọ, kí wọ́n pín in lò. Kí oúnjẹ àti omi mímu má sì wọ láàbù rárá, nítorí ọwọ́ tó mú kẹ́míkà ni yóò mú búrẹ́dì.

Bí a bá fẹ́ gbọ́ òórùn nǹkan, kí a má fi imú lé ẹnu ìgò. Kí a fi ọwọ́ fẹ́ díẹ̀ nínú òórùn náà wá sọ́dọ̀ ara wa. Gáàsì kan wà tí ń jẹ́ kílórínì. Òun ni Jámánì tú sílẹ̀ lójú ogun ní Ypres, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin ọdún 1915. Gáàsì yìí kan náà lè jáde nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa, bí ẹnì kan bá da bílíìṣì pọ̀ mọ́ ásíìdì tí a fi ń fọ ibẹ̀.

Ní ti ojú, kí á wọ awò ìdáàbòbò, kì í ṣe nítorí ásíìdì nìkan. Ọ̀pọ̀ rò pé ásíìdì nìkan ni ọ̀tá ojú. Sóódà tí a fi ń se ọṣẹ le ju ọ̀pọ̀ ásíìdì lọ ní ti ojú, nítorí pé ó ń sọ ọ̀rá inú ara di ọṣẹ, ó sì ń wọ inú lọ títí. Àwọn ìyá wa tó ń fi omi eérú se ọṣẹ mọ̀ bí ó ti ń yọ̀ lọ́wọ́. Yíyọ̀ yẹn, awọ ọwọ́ fúnra rẹ̀ ni ó ti ń di ọṣẹ.

Aṣọ àti Iná

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 2008, ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Sheharbano Sangji, ọmọ ọdún 23, wà lẹ́nu iṣẹ́ nínú láàbù Yunifásítì California ní Los Angeles, ní Amẹ́ríkà. Kẹ́míkà tó ń fà sínú abẹ́rẹ́ jẹ́ irú èyí tó máa ń gbiná fúnra rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án. Ó dà sí i lára. Kò wọ aṣọ láàbù. Súwẹ́tà tó wọ̀ kì í ṣe ti òwú gidi, ó sì gbiná. Ó kú ní ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 2009. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ti ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń ka ìwé ìròyìn yìí lọ.

Ìdí ọ̀rọ̀ aṣọ ni pé òwú a máa jó di eérú, ṣùgbọ́n aṣọ ọ̀rá a máa yọ́, a sì máa lẹ̀ mọ́ awọ ara. Nítorí náà, kí aṣọ láàbù jẹ́ ti òwú. Kí a ká apá aṣọ tó fẹ̀, kí a di irun gígùn, kí a ki etí gèlè tàbí híjáàbù bọ inú aṣọ. Kí bàtà bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, nítorí ohun tó bá já bọ́ láti orí tábìlì, ẹsẹ̀ ni yóò bọ́ sí.

Níbi tí kò bá sí gáàsì, fìtílà sípírítì ni a ń lò. Ahọ́n iná sípírítì kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn ní ọ̀sán, ó sì lè dà bí ẹni pé ó ti kú. Ẹni tó bá rò bẹ́ẹ̀, tó wá da sípírítì kún un, iná ni yóò gun ohun tó ń dà náà wá sí ọwọ́ rẹ̀. Kí a dé e pa, kí ó tutù, kí a tó rọ òmíràn sí i. Ní ti gáàsì ìdáná, ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ni ó máa ń rá pálá sí. Bí a bá gbọ́ òórùn rẹ̀, kí a ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí a má ṣá ìṣáná, kí a má sì fọwọ́ kan ìtanná mànàmáná.

Kì í ṣe gbogbo iná ni omi ń pa. Iná kẹrosíìnì a máa léfòó lórí omi, a sì máa bá a rìn. Sódíọ̀mù, tí a ń tọ́jú sínú epo, ńṣe ni omi ń mú un gbiná. Garawa iyanrìn gbígbẹ kan àti kúbùsù nípọn kan ní ẹnu ọ̀nà láàbù yóò ṣe ohun tí omi kò lè ṣe. Bí aṣọ ènìyàn bá gbiná, kí ó má sáré, nítorí afẹ́fẹ́ eré rẹ̀ ni yóò máa fẹ́ iná náà. Kí ó dùbúlẹ̀, kí ó yí gbirigbiri, kí a sì fi kúbùsù bò ó.

Bí Jàǹbá Bá Ṣẹlẹ̀

Omi ni kí a kọ́kọ́ ronú kàn. Bí ásíìdì tàbí sóódà bá ta síni lára, kí a bọ́ aṣọ tó kàn kúrò, kí a sì máa da omi tútù mímọ́ sí ojú ibẹ̀ láìdáwọ́ dúró fún ìṣẹ́jú 20 ó kéré tán. Bí ojú ni, kí a fi ọwọ́ ya ìpéǹpéjú, kí omi máa ṣàn kọjá nínú rẹ̀ fún ìwọ̀n àkókò kan náà. Ilé-ìwòsàn ńlá wà ní Adó, òmíràn wà ní Ìdó-Èkìtì, ibẹ̀ sì ni kí a gbé onítọ̀hún lọ. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 20 yẹn ni kí ó ṣáájú ìrìn àjò, nítorí kẹ́míkà kò ní dúró de mọ́tò.

Epo pupa, ẹyin, ọṣẹ ìfọyín: kí a má fi ọ̀kankan wọn sí i. Ńṣe ni epo ń dé ooru mọ́ inú awọ, ẹyin tútù sì lè kó àrùn wọ ojú egbò. Kí a má sì ronú pé a ó fi sóódà pa ásíìdì lára ènìyàn. Ìpàdé àwọn méjèèjì ń mú ooru jáde, ooru náà yóò sì tún jó ẹni tó ti jóná.

Ibi tí mo fẹ́ tẹnu mọ́ jù lọ nìyí. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa, omi ẹ̀rọ kì í yọ lójoojúmọ́. Nítorí náà, bí kò bá sí omi, kí iṣẹ́ láàbù má bẹ̀rẹ̀. Kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ pọn omi mímọ́ kún dúrọ́ọ̀mù kan, kí a gbé ìgbá tàbí ike ìbumi lé e lórí, kí ẹnikẹ́ni má sì fi omi náà fọ ohun èlò. Garawa kan ṣoṣo ni ó wà lọ́jọ́ tiwa, a sì ti fọ ohun èlò nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ Tiwa

Ẹnì kan lè sọ pé àwọn ọ̀mọ̀wé tó mọ gbogbo ìdí náà ńkọ́? Karen Wetterhahn jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kẹ́mísírì ní Dartmouth College ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1996, ẹ̀kán díẹ̀ nínú kẹ́míkà kan tó ní mẹ́kúrì kán sí ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó wọ̀. Kò rú òfin kankan. Kẹ́míkà náà gba inú ìbọ̀wọ́ kọjá, ó sì pa á ní oṣù Kẹfà ọdún 1997. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n tó yí òfin ìbọ̀wọ́ padà. Ẹ ò rí i pé òfin láàbù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán? Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ nínú wọn, ènìyàn kan wà.

Ó ṣeé ṣe láti fi èdè wa sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ní ọdún 1984, ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, jáde. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ni wọ́n kó jọ síbẹ̀. Bí a bá lè rí ọ̀rọ̀ fún ohun tí ahọ́n àti àjà ẹnu ń ṣe, a lè rí ọ̀rọ̀ fún ohun tó lè jó ahọ́n náà.

Àbá mi kò ju ìwé kan ṣoṣo lọ lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, tí gbolohun kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ní "nítorí" nínú. Àpẹẹrẹ rẹ̀ nìyí:

1. Rọra da ásíìdì sínú omi. Má bu omi lé ògidì ásíìdì, nítorí yóò hó bí epo àkàrà, yóò sì ta sí ọ lójú.

2. Má fi ẹnu fa kẹ́míkà, nítorí bí afẹ́fẹ́ bá wọ pìpẹ́ẹ̀tì, ohun inú rẹ̀ yóò fò sí ọ lọ́fun.

3. Má fọwọ́ kan gíláàsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná, nítorí gbígbóná àti tútù kò yàtọ̀ lójú.

4. Má da sípírítì kún fìtílà tó ń jó, nítorí iná yóò gùn ún wá sí ọwọ́ rẹ.

5. Má rọ kẹ́míkà sínú ìgò mímu, nítorí ẹlòmíràn yóò mu ún.

6. Má bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bí kò bá sí omi nínú dúrọ́ọ̀mù, nítorí omi ni oògùn àkọ́kọ́.

Àgbálọgbábọ̀

Ní kúkúrú, mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìdí òfin ni ó ń ṣọ́ni, kì í ṣe híhá òfin sórí. Mo rọ ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi pé, nígbà tí a bá lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, kí ẹni tó ń kọ́ni ní Yorùbá kan ilẹ̀kùn láàbù, kí ó bi olùkọ́ kẹ́mísírì léèrè bóyá òun lè bá wọn kọ ìwé ara ògiri náà. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni.

Mo ti fi ẹ̀dà tèmi ránṣẹ́ sí ilé-ìwé tí mo ti jáde. Ọ̀rẹ́ mi ni ó bá mi fi ọwọ́ kọ ọ́ lórí páálí, ọwọ́ tó ní àpá náà ni ó sì fi kọ ọ́, nítorí ìkọ̀wé rẹ̀ dára ju tèmi lọ. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a fi ara kọ́ ẹ̀kọ́ tí etí lè gbọ́. Àṣẹ.